exFAT, ext4, F2FS tàbí Btrfs: Èwo Ló Yẹ SSD àti Mẹ́mórì Káàdì Yín?

Ẹni tó bá ti ń lo kọ̀ǹpútà láti ìgbà Windows XP á rántí bí defrag, ìyẹn títo wẹ́wẹ́ fáìlì tó fọ́n ká pọ̀, ṣe ń rí: àwọn ìlà kéékèèké pupa àti búlúù ń sún lọ, wọ́n ń sún bọ̀, ẹ̀yin náà jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Lórí háádì dísíìkì tó ń yí, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Orí tó ń ka dátà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn láti apá kan dé apá kejì, bí fáìlì bá sì fọ́n ká, ìrìn yẹn ló ń jẹ àkókò.

SSD (dísíìkì tó ń fi chip tọ́jú dátà), mẹ́mórì káàdì àti fíláàṣì tí à ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kò ní orí tó ń rìn. Síbẹ̀, ẹ ṣì máa rí ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá onímọ̀ ẹ̀rọ ní Wuse pé kó bá òun defrag SSD torí ó ti ń lọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wà. Lórí fíláàṣì, ìyẹn irú mẹ́mórì tó wà nínú gbogbo wọn, ibi tí ètò fáìlì (file system, ọ̀nà tí a gbà fọ́máàtì dísíìkì) kọ́kọ́ gbé dátà sí, àti àyè òfìfo tó ṣẹ́ kù fún un, ló ń pinnu bó ṣe máa yá tó. Títún un tò lẹ́yìn náà dà bí owó ìtanràn. Ìgbà tí ẹ bá ń fọ́máàtì gan-an ni ẹ ń ṣe ìpinnu tó wúlò jù, ìdí nìyẹn tí a fi gbé ètò fáìlì mẹ́rin tó wọ́pọ̀ síwájú yín.

Ilé tí lándílọ́ọ̀dù kò fẹ́ kùn ní yàrá kọ̀ọ̀kan

Inú fíláàṣì pín sí ojú ewé, ojú ewé kan sì máa ń wà láàárín 4 KB sí 16 KB. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé ló para pọ̀ di búlọ́ọ̀kù kan, tó lè tó MB mélòó kan. Ojú ewé tó ṣófo nìkan lẹ lè kọ nǹkan sí, ẹ kò sì lè pa ojú ewé kan ṣoṣo rẹ́. Odindi búlọ́ọ̀kù lẹ máa pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi wé ilé face-me-I-face-you kan ní Nyanya, oníyàrá mẹ́wàá, tí lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ sọ pé òun kò ní kun yàrá kankan àfi bí gbogbo ilé bá ṣófo, òun kò sì ní gba ayálégbé tuntun sí yàrá tí a kò tíì kùn. Bí ayálégbé mẹ́ta bá kó jáde, yàrá mẹ́ta yẹn wà lásán ni. Kó tó lè rí wọn lò, ó ní láti kó àwọn méje tó kù lọ sí ilé mìíràn. Kíkó àwọn méje yẹn kiri ni garbage collection. Òun náà ló ń jẹ́ kí SSD lè kọ 2 tàbí 3 GB sínú ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin kọ 1 GB péré. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye ìgbà tí a lè pa búlọ́ọ̀kù kan rẹ́ kò pọ̀ lọ títí: irú tí wọ́n ń pè ní TLC, tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí, máa ń tó 1,000 sí 3,000 ìgbà; QLC kéré sí i.

Bí ayálégbé bá wá kó jáde láìsọ fún lándílọ́ọ̀dù ńkọ́? Á máa rò pé ènìyàn ṣì wà nínú yàrá, á sì máa kó ẹrù òfìfo kiri. TRIM ni ìròyìn yẹn: ètò fáìlì fi ń sọ fún SSD pé fáìlì tó wà níbí, a ti pa á rẹ́, ẹ má kó o mọ́.

Ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé nọ́ńbà àdírẹ́sì tí Windows tàbí Linux ń rí kì í ṣe ibi tí dátà wà gan-an. Kọntírólà inú SSD ló mọ ibẹ̀. Defrag ń to nọ́ńbà orí ìwé ni. Kò mọ yàrá tí ẹnikẹ́ni ń gbé. Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé kí fáìlì fọ́n ká kò ní láárí rárá? Rárá o. Fáìlì tó já sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wẹ́wẹ́ ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣẹ kí a tó kà á tán, ìwé tó ń tọ́ka sí wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn náà á sì tóbi. Yàtọ̀ sí èyí, inú SSD kan ní chip mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Fáìlì tí a kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọntírólà á pín in káàkiri wọn, gbogbo wọn á sì jọ kà á jáde. Èyí tí a kọ díẹ̀díẹ̀, tí nǹkan mìíràn ń bọ́ sáàárín rẹ̀, púpọ̀ nínú wẹ́wẹ́ rẹ̀ lè bọ́ sórí chip kan náà, wọ́n á wá tò sẹ́yìn ara wọn bí ọkọ̀ nílé epo lásìkò tí epo wọ́n. Nítorí náà, wẹ́wẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún kò tó nǹkan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tó máa kà á: kámẹ́rà, tẹlifíṣọ̀n àti Windows kì í ka ohun tí Linux bá kọ bó ṣe wù ú. Èkejì, bí NEPA bá mú iná lójijì, kí ló máa kù? Ẹ̀kẹta, báwo ló ṣe ń yan ibi tí dátà máa wà? Ẹ̀kẹrin, báwo ló ṣe ń ṣe bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún? Lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ ìtúnṣe àti defrag tirẹ̀. Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ń náni lówó ni ọjọ́ ayé SSD tí wọ́n bá jẹ, àti àyè tí wọ́n bá gbà.

exFAT

Microsoft ló ṣe é ní 2006, òun náà ni wọ́n yàn fún káàdì SDXC, ìyẹn káàdì tó ju 32 GB lọ. Linux ti ń kà á fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yà 5.7, ní 2020. Kámẹ́rà, Windows, Mac, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n: gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Kò sì ní ààlà 4 GB fún fáìlì kan, tó ń dààmú àwọn tó ń lo FAT32.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni iná. exFAT kò ní jọ́nà, ìyẹn ìwé tó fi ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é. Bí iná bá lọ, tàbí tí ẹnìkan bá fa káàdì yọ nígbà tó ń tún àtẹ àyè rẹ̀ ṣe, fódà kan lè di ohun tí kò ṣeé ṣí mọ́, tàbí kí àyè kan di ti fáìlì méjì. A kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi exFAT ṣe ibi tí dàtábéèsì ṣọ́ọ̀bù máa gbé.

Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ yé àwọn onífídíò jù lọ, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ya ìgbéyàwó ní Gwarinpa: káàdì 128 GB ti kún dé ìdajì, ó wá jókòó, ó ń pa fọ́tò tí kò dára rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, 25 MB níbí, 25 MB lọ́hùn-ún. Ihò kéékèèké kún inú káàdì. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ fídíò 4K, fáìlì yẹn á máa fò láti ihò dé ihò. Àmì V30 tó wà lára káàdì ṣèlérí pé kò ní lọ́ra ju 30 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìlérí náà wà fún ìgbà tí káàdì bá rí àyè ńlá tó ṣófo láti kọ sí léraléra. Bí kò bá rí i, kámẹ́rà á dá fídíò dúró láàárín ìjó ìyàwó.

Kò sí defrag tó wúlò fún èyí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ rí i dájú pé ó ṣí, kí ẹ wá fọ́máàtì káàdì nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tàbí pẹ̀lú SD Memory Card Formatter. Ẹ ṣe é lẹ́yìn òde kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pa fọ́tò rẹ́ níkọ̀ọ̀kan lórí káàdì bí ẹ bá ṣì fẹ́ ya fídíò sí i.

Ẹ tún mọ̀ pé Windows máa ń fún exFAT tó ju 32 GB lọ ní cluster 128 KB, ìyẹn àyè tó kéré jù tí fáìlì kan lè gbà. Fáìlì 2 KB kan á gba 128 KB. Fún fídíò, kò burú. Fún fódà tó kún fún ẹgbàárùn-ún fáìlì kéékèèké, àyè ń ṣòfò ni.

ext4

Ó ti wà nínú Linux láti 2008, òun ni Ubuntu àti Debian máa ń yàn bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Ọgbọ́n tó ní lórí ibi tí dátà máa wà ni sùúrù: kì í yára yan àyè. Á kọ́kọ́ mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, kó tó wá àyè tó tó o lẹ́ẹ̀kan, níbi tí fódà rẹ̀ wà. Fáìlì tí ẹ daakọ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà fọ́n ká. Èyí tó ń fọ́n ká ni àwọn tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: lọ́ọ̀gì, fáìlì torrent, àti CCTV tí kámẹ́rà mẹ́jọ ń kọ sí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn wọn ni kí áàpù béèrè àyè ṣáájú. Ọ̀pọ̀ áàpù torrent ní ibi tí ẹ ti lè tẹ èyí.

Kí ẹ tó ronú defrag, ẹ wò ó ná. Àṣẹ `filefrag -v fídíò.mp4` máa to ìlà púpọ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jáyà níbẹ̀ láìnídìí. Extent kan (wẹ́wẹ́ fáìlì tó wà lójú kan) ní ext4 kò lè ju 128 MB lọ, nítorí náà fáìlì 4 GB tó wà pọ̀ dáadáa ṣì máa ní ìlà 32 ó kéré tán. Ẹ wo òpó tí wọ́n kọ `expected` sí. Ìlà tí ibẹ̀ ṣófo túmọ̀ sí pé ó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú rẹ̀ gẹ́ńgẹ́. Ibi tí nọ́ńbà bá wà ni fáìlì ti fò. Lẹ́yìn èyí, `sudo e4defrag -c /home` á fún yín ní máàkì: 0 sí 30, kò sí wàhálà, 31 sí 55, ó fọ́n ká díẹ̀, 56 sókè, ó nílò àtúntò. Àwa kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nísàlẹ̀ 56 lórí SSD, fáìlì tó bá gba máàkì yẹn nìkan náà la sì máa ń tò, kì í ṣe odindi dísíìkì.

Ìṣírò rẹ̀ rèé. SSD 500 GB tí wọ́n kọ 300 TBW sí ìwé rẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ lè kọ 300 TB sí i kí wáràńtì rẹ̀ tó tán. Bí ẹ bá ń defrag 300 GB lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọdún kan jẹ́ 15.6 TB, ìyẹn bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò ní pa á lọ́la, àmọ́ ẹ̀bùn lásán lẹ ń fún un, ẹ kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú.

Iná? Jọ́nà rẹ̀ ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Bí iná bá padà, á ka jọ́nà, á tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ ó sì wọlé. e2fsck tó ń tún un ṣe ti gbó, ó ti rí ohun púpọ̀. Bó bá sì ń kún, ó ń lọ́ra díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣubú lójijì. Ó máa ń pa ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àyè mọ́ fún root, ìyẹn alábòójútó ètò; lórí 256 GB, ìyẹn tó bí 12.8 GB. Lórí dísíìkì tí kì í ṣe ti ètò Linux fúnra rẹ̀, `tune2fs -m 1` á dín in kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

F2FS

Samsung ló gbé e jáde ní 2012, Jaegeuk Kim ló léwájú iṣẹ́ náà, ó sì wọ Linux 3.8 ní 2013. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ń lò ó báyìí láìjẹ́ pé oní-nǹkan mọ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni wọ́n dìídì ṣe kó bá bí inú fíláàṣì ṣe ń ṣiṣẹ́ mu.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé Nyanya. Lándílọ́ọ̀dù tó gbọ́n á kó gbogbo kọ́pà sí ilé kan, torí ó mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún kan gbogbo wọn á jọ kó jáde, ilé á sì ṣófo lẹ́ẹ̀kan. Àwọn onídílé tí kò níbi í lọ, á kó wọn sí ilé mìíràn, kò sì ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun tí F2FS ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó pín dísíìkì sí ségímẹ́ǹtì 2 MB, ó sì ń kọ sí ojú ìlà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà: dátà gbígbóná, lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti tútù, àti ìwé ìtọ́ka wọn, òun náà ní mẹ́ta. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí jpg, mp4 tàbí pdf, á kà á sí tútù láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ya fọ́tò kì í sábà yí i padà. Èyí tó parí sí db, gbígbóná ni. Bí ẹ bá ní irú fáìlì tiyín, `mkfs.f2fs`, àṣẹ tó ń fọ́máàtì, ní `-e` fún tútù àti `-E` fún gbígbóná.

Kì í sábà kọ nǹkan lórí ti àtijọ́. Ó ń kọ síwájú lọ ni, bí ẹni tó ń kọ ìwé láìfi rọ́bà pa á rẹ́. Ìyẹn bá fíláàṣì lára mu, ó sì yá gan-an lórí káàdì àti eMMC (chip dátà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ) olówó pọ́ọ́kú tí kọntírólà wọn kò lágbára. Lórí SSD NVMe tó dára, ẹ lè máà rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ext4.

Gbèsè tó wà níbẹ̀ ni ìpalẹ̀mọ́. Lẹ́yìn tó bá ti kọ síwájú títí, á ní láti padà wá kó àwọn ségímẹ́ǹtì tó ní ihò jọ. Ó ń ṣe èyí lẹ́yìn ilé nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan wa ní ìhà ibí rèé: kọ̀ǹpútà tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ kì í sinmi. Wọ́n tàn án ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìdúró, wọ́n pa á bí epo bá tán. Ìpalẹ̀mọ́ kò ní ráàyè. Nígbà tí àyè bá wá dín, á di dandan kó palẹ̀ mọ́ lójú yín, fáìlì kékeré kan á sì gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó wọlé. Bí ọ̀rọ̀ yín bá rí báyìí, ẹ wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, lórí ínfátà, kí ẹ jẹ́ kó ṣe é tipátipá:

`echo 1 | sudo tee /sys/fs/f2fs/sdb1/gc_urgent`

Bí àkókò yẹn bá pé, ẹ fi `0` dípò `1`, kí ẹ wá ṣe `sudo fstrim -v` sí fódà tí ẹ gbé e kà (mount). Ẹ má gbàgbé 0 yẹn. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní 1, á máa kó nǹkan kiri tọ̀sán-tòru, á sì jẹ ọjọ́ ayé SSD. Ẹ má sì jẹ́ kó kún kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. F2FS tó kún dé ìdá 95 kò ṣeé fara dà.

Ó ní defrag tirẹ̀, `f2fs_io defrag_file`, fún fáìlì kan ṣoṣo. Dàtábéèsì ńlá tí a ń yí padà káàkiri inú rẹ̀ ló sábà ń fọ́n ká níbí, torí ọ̀pọ̀ àyípadà ń lọ síwájú. Bó bá pọn dandan, daakọ fáìlì náà sí orúkọ tuntun nígbà tí ohunkóhun kò ṣí i, kí ẹ wá fi tuntun rọ́pò àtijọ́. Iṣẹ́ kan náà ni.

Iná kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ó ń tọ́jú checkpoint méjì (àkọsílẹ̀ bí gbogbo nǹkan ṣe wà lórí dísíìkì), ó ń kọ wọ́n ní pààrọ̀-pààrọ̀, nítorí náà ọ̀kan á ṣì dára bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ìṣẹ́jú kan ló wà láàárín checkpoint méjì; ohun tí áàpù kò bá dìídì béèrè pé kó wọ dísíìkì lè sọnù láàárín àkókò yẹn. Irinṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀, `fsck.f2fs`, kò tíì gbó tó e2fsck. Windows kò mọ̀ ọ́n rárá, kò sì rọrùn láti dín pátíṣọ̀n rẹ̀ kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ́máàtì.

Btrfs

Òun náà kì í kọ lórí ti àtijọ́. Ohun tó fi ju F2FS lọ ni pé ó ń fi àmì ìdánimọ̀ sára gbogbo dátà. Bí SSD bá dá nǹkan tó ti bàjẹ́ padà fún un, á mọ̀, á sì pariwo dípò kó gbé e fún yín bẹ́ẹ̀. Ó ní snapshot (bí fáìlì ṣe rí ní àkókò kan, tí ẹ lè padà sí), ó sì lè fún dátà pọ̀: bí ẹ bá gbé e kà pẹ̀lú `compress=zstd:1`, ìwé àti lọ́ọ̀gì á kéré, ohun tí a ń kọ sórí SSD náà á sì dín kù. Fọ́tò àti fídíò kò ní kéré, torí wọ́n ti fún wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Níbí ni defrag ti léwu jù. Snapshot kì í daakọ fáìlì. Òun àti fáìlì yín jọ ń tọ́ka sí dátà kan náà ni. Bí ẹ bá wá pàṣẹ `btrfs filesystem defragment -r`, á kọ fáìlì yín sí ibi tuntun, snapshot á sì di àtijọ́ mú. Fọ́tò 40 GB á di 80 GB lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó ń wá àyè ló wá sọ àyè nù. Ẹ pa àwọn snapshot tí ẹ kò fẹ́ rẹ́ ná, tàbí kí ẹ fi defrag sílẹ̀. Kí ẹ sì má gba ohun tí `filefrag` bá sọ níbí gbọ́ bí ẹ bá ń fún dátà pọ̀: extent rẹ̀ kì í ju 128 KB lọ, nọ́ńbà ńlá tí ẹ máa rí kò túmọ̀ sí àìsàn.

Fún fódà dàtábéèsì tàbí ẹ̀rọ VirtualBox, `chattr +C` lórí fódà náà nígbà tó ṣì ṣófo á jẹ́ kó kọ lórí ti àtijọ́. Ẹ̀yin náà á sì pàdánù àmì ìdánimọ̀ fún àwọn fáìlì yẹn. Bí Btrfs bá sọ pé àyè ti tán nígbà tí ẹ mọ̀ pé àyè ṣì wà, ẹ wo `btrfs filesystem usage`, kí ẹ wá ṣe `btrfs balance start -dusage=20`. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro, àmọ́ ẹni tí kò fẹ́ kọ́ ọ kò yẹ kó lo Btrfs.

Ti Windows ńkọ́?

Dísíìkì tí Windows wà lórí rẹ̀, NTFS ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ Optimize Drives tó wà nínú rẹ̀ mọ SSD yàtọ̀ sí háádì dísíìkì, TRIM ló sì sábà máa ń ṣe fún un. Ẹ kàn ṣe `fsutil behavior query DisableDeleteNotify`; bó bá dá 0 padà, TRIM ń ṣiṣẹ́. Áàpù defrag tí ẹnìkan fi sórí fíláàṣì wá bá yín, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó kan gbogbo wọn

Lórí Linux, `lsblk -D` ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí òpó DISC-MAX bá jẹ́ 0, TRIM kò lè dé ibẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lórí fíláàṣì USB àti àwọn wáyà tó ń so SSD mọ́ USB. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dísíìkì náà sílẹ̀ láìṣe pátíṣọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ tó wà ní tuntun, kí kọntírólà lè ní ibi tó ń kó ẹrù sí. Níbi tí TRIM bá ń ṣiṣẹ́, `systemctl enable --now fstrim.timer` tó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe é, bí kọ̀ǹpútà bá sì wà ní pípa lọ́jọ́ rẹ̀, á ṣe é bó bá tún tàn.

Kí ẹ tó fọ́máàtì káàdì tuntun rárá, ẹ dán ìwọ̀n rẹ̀ wò pẹ̀lú `f3write` àti `f3read`. Káàdì 32 GB tí wọ́n kọ 256 GB sí lára kò sí ètò fáìlì tó lè gbà á là. Kí ẹ sì fi `lsblk` wo orúkọ dísíìkì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ mkfs. Sda àti sdb jọra púpọ̀ lálẹ́.

Ta ni kó mú èwo

Oníkámẹ́rà, ẹni tó ń gba ìwàásù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń gbé fáìlì láàárín Windows àti Mac: exFAT, kí wọ́n sì máa fọ́máàtì lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ilé ìtajà ní Sabon Gari tí dàtábéèsì ọjà rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà Linux kan, tí iná ń lọ tó ń bọ̀: ext4. Òun náà la máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria tó fẹ́ fi Ubuntu sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ti yí sí SSD, torí bí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, ẹni tó máa bá a tún un ṣe kò ní ṣọ̀wọ́n.

F2FS wà fún ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì, bíi Raspberry Pi, àti láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tí eMMC 64 GB wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá lè jẹ́ kó ní àyè àti ìsinmi. Fún Pi, ẹ ra káàdì tó ní àmì A1 tàbí A2. V30 nìkan jẹ́ ti fídíò. Ẹ jẹ́ kí pátíṣọ̀n boot wà bó ṣe wà, kí ẹ fi F2FS sí ìyókù.

CCTV yàtọ̀. Kámẹ́rà kan tó ń kọ 4 Mbps ń lo bí 43 GB lójúmọ́. Á yí káàdì 128 GB po ní ọjọ́ mẹ́ta, bí ọgọ́fà ìgbà lọ́dún. Níbí, ètò fáìlì kò tó káàdì fúnra rẹ̀: ẹ ra èyí tí wọ́n kọ high endurance sí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ CCTV fọ́máàtì rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ má fi ọwọ́ pa fáìlì kankan rẹ́ nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ fọ́tò ní Garki tó ní olùmọ̀ Linux, tó fẹ́ snapshot, tó sì fẹ́ mọ̀ bí fọ́tò oníbàárà bá ti ń bàjẹ́: Btrfs, lórí SSD méjì bó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan lè tún èkejì ṣe.

Ẹni tó fẹ́ kó fọ́tò ọdún mẹ́wàá sínú dúrọ́ọ̀ ní Kano tàbí Maiduguri, tí kò ní tàn án fún ọdún kan tàbí méjì, kó má lo ọ̀kankan nínú wọn lórí SSD. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òṣùwọ̀n fún chip, fún SSD tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán ni kí ó di dátà mú fún ọdún kan láìsí iná, ní 30°C. Yàrá tí ooru rẹ̀ kọjá 40°C láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún kò wọnú ìṣírò yẹn. Háádì dísíìkì tó ń yí ni kó rà, méjì, ọ̀kan sílé, ọ̀kan síbòmíràn. Bó bá sì fẹ́ defrag ìyẹn, kó jókòó tì í dáadáa.